Ìyá ẹlẹ́ja ni mí, ẹ̀kọ́ òkun ni mò ń kọ́

Olóòtú wa, mo kí yín o, ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn.

Mo ka lẹ́tà tí ẹnìkan kọ sí yín lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, tó ní àwọn àgbààgbà tó ń padà lọ sí yunifásítì kàn ń gba àyè mọ́ àwọn ọmọdé lọ́wọ́ ni, pé kí la fẹ́ fi ìwé ṣe nígbà tí NYSC pàápàá ò ní gbà wá. Òótọ́ ni, wọn ò ní gbà mí. Ẹni tó bá ti lé lọ́gbọ̀n ọdún kó tó jáde, ìwé pé wọ́n ti yọ̀ǹda ẹ̀ ni wọ́n máa fún un, èmi sì ti pé ọdún 44. Ṣé torí àtiwọ kákí lèèyàn ṣe ń kàwé ni?

Ẹja tútù ni mò ń tà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjà Ọba níbí l'Ákùúrẹ́, ó ti lé lọ́dún mẹ́tàdínlógún. Titus, kòtè, ṣáwá, pánlá, kúrókà, kò sí èyí tí ọ̀bẹ mi ò tíì là. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn orí kúrókà á mọ òkúta funfun méjì tó máa ń wà nínú ẹ̀, èyí tó máa ń dá eyín lóró béèyàn ò bá ṣọ́ra. Mo ti da òkúta yẹn nù á tó àpò sìmẹ́ǹtì, mi ò ka nǹkankan sí i. Àfìgbà tí oníbàárà mi kan tó ń ṣe tíṣà sọ fún mi pé inú etí ẹja ló ń gbé, pé òun lẹja fi ń gbọ́ràn tó fi ń mọ̀ bóyá òun wà lóòró àbí òun ti dorí kodò, àti pé bí wọ́n bá gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n wò ó nínú máíkírósíkóòpù, wọ́n á rí ìlà lára ẹ̀, wọ́n á máa ka ìlà yẹn bí wọ́n ṣe ń ka ti inú igi tí wọ́n gé, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ iye ọdún tí ẹja náà lò láyé. Olóòtú, mi ò rí oorun sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ọjọ́ orí ẹja wà nínú orí ẹja lóòótọ́, èmi wá ń gbá a sórí ààtàn!

Bọ́rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. WAEC tí mo ṣe lọ́dún 1999, E8 ni Kẹ́mísìrì mi, Máàsì ò tiẹ̀ ṣeé sọ níta. Mo tún un ṣe, mo ń lọ sí lẹ́sìnnì pẹ̀lú àwọn ọmọ tí àbúrò àbíkẹ́yìn mi lè bí, mo tún wá lọ bá JAMB, ìbéèrè 180 láàárín wákàtí méjì lórí kọ̀ǹpútà, ọwọ́ tó mọ ọ̀bẹ ò kúkú mọ èkúté kọ̀ǹpútà. Lọ́dún 2024 tí mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní ọmọ ọdún 18 ló gbọ́dọ̀ wọ yunifásítì, tí èyí tó rọ́pò ẹ̀ tún ní rárá ọdún 16 náà ti tó, gbogbo ìlú ló dá sí i, rédíò, ilé ìjọsìn, inú bọ́ọ̀sì. Kò sẹ́ni tó bèèrè ti èmi.

Ẹ̀kọ́ nípa òkun ni mo wọlé fún. Wọ́n á ní kí ló kan Akúrẹ́ kan òkun, ṣebí odò Àlà nìkan la ní. Ìyá tó bí mi, ọmọ Ayétòrò ní Ìlàjẹ ni. Ìlú tí àwọn onígbàgbọ́ tẹ̀ dó lọ́dún 1947, tó lókìkí nígbà kan, òkun ló ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ báyìí, ilé tí wọ́n bí màmá mi sí ti wà lábẹ́ omi. Ìpínlẹ̀ wa yìí náà ló lòkun o, kì í ṣe Èkó nìkan.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní kíláàsì. Lẹ́kíṣọ̀ ń kọ́ wa nípa edé, ó ní ojú òkun ni èyí tó ti dàgbà ti ń yé ẹyin, àwọn ọmọ ẹ̀ á bómi wọnú ọ̀sà, wọ́n á sá pamọ́ sáàárín gbòǹgbò àwọn igi inú omi, wọ́n á dàgbà díẹ̀ níbẹ̀ kí wọ́n tó padà sókun. Mi ò mọ̀gbà tí mo pariwo. Ìyá màmá mi tí ò mọ Á yàtọ̀ sí B máa ń sọ pé edé wẹ́wẹ́ tí à ń pa nínú ọ̀sà, ọmọ ilé ìwé ni, tó bá gbọ́n tán á lọ sókun! Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín, ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín, ó ní kí n sọ èyí tí mo bá tún mọ̀. Mo sọ fún wọn nípa koríko òkun aláwọ̀ ilẹ̀ tó ní rógódó afẹ́fẹ́ kéékèèké lára tó ya wọ etíkun wa ní nǹkan bíi 2012, tó kún àwọ̀n àwọn èèyàn wa fọ́fọ́, Sargassum ni orúkọ ẹ̀ nínú ìwé. Mo sọ ti ọ̀nà omi tí iléeṣẹ́ epo gbẹ́ ní apá Awóyè láyé ọjọ́un, tí omi iyọ̀ gba ibẹ̀ wọnú igbó omi aládùn, tí igi fi kú. Àtìgbà yẹn làwọn ọmọ kíláàsì mi ti ń wá mi wá sílé, Mọ́mì, ẹ ṣàlàyé èyí fún wa.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ń bẹ o. Mi ò ní dárúkọ ilé ìwé mi, mi ò tíì gbàwé jáde, ẹ má bà á jẹ́ fún mi. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ kó wa lọ sí Ìgbókòdà ká lè bọ́ sí etíkun lọ ṣa akàn àti ìgbín omi nínú ẹrẹ̀, aago mẹ́sàn-án ni bọ́ọ̀sì gbéra l'Ákùúrẹ́, ká tó gba Oǹdó gba Orè gba Òkìtìpupa, oòrùn ti kanrí. Baba ọlọ́kọ̀ wò wá sùn-ùn, ó ní ẹ̀yin ọmọ yunifásítì, omi ti kún, ẹrẹ̀ wo lẹ fẹ́ tẹ̀? Ẹ sì wò ó, àwọn lẹ́kíṣọ̀ wa náà ló kọ́ wa pé ẹ̀ẹ̀mejì lómi ń kún lójúmọ́ tó sì ń fà lẹ́ẹ̀mejì, àti pé ojoojúmọ́ ló ń fi nǹkan bí àádọ́ta ìṣẹ́jú pẹ́ ju ti àná lọ. Mo ti sọ ọ́ kó tó dọjọ́ náà. Èsì tí mo gbà ni pé, màmá, ẹ jẹ́ ká ṣe é bó ṣe wà nínú ìwé.

Ohun tó ń dùn mí nìyẹn ju àyè tí wọ́n ní à ń gbà mọ́ ọmọdé lọ́wọ́ lọ. Látọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti dá iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ òkun sílẹ̀, gbogbo ẹnu ni wọ́n fi ń pariwo owó inú òkun, àwọn tó sì mọ òkun, àwọn tó ń yan ẹja n'Ìgbókòdà, àwọn apẹja tó mọ ìgbà tí ṣáwá ń sún mọ́ etíkun, kò sí ilẹ̀kùn kankan tí wọ́n lè gbà wọlé. Ẹ ṣe kíláàsì ìrọ̀lẹ́ àti ti Sátidé fún wọn. Ẹ gbé ọ̀kan lọ sí Ìgbókòdà gan-an. Ẹ bá wọn tún WAEC wọn ṣe, ìjọba kan náà tó ń yá ọmọ ilé ìwé lówó lè san fọ́ọ̀mù fún ẹlẹ́ja. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi kan níbẹ̀ ti ń bi mí pé èló ni fọ́ọ̀mù yẹn, ọmọ ọdún 51 ni, mi ò sì mọ ibi tí mo lè ní kó lọ.

Sátidé tó ń bọ̀ a tún ń lọ. Mo ti pe baba ọlọ́kọ̀, ó ní aago méje àárọ̀ lomi máa fà tán lọ́jọ́ náà, tí wọ́n bá sún un síwájú ọ̀sẹ̀ kan péré, á fà ní nǹkan bí aago kan ọ̀sán, á bá wa mu wẹ́kú. Mo ti lọ sọ fún wọn ní ọ́fíìsì. Wọ́n ní bọ́ọ̀sì ti gbowó.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Ẹlẹ́ja, Akúrẹ́.