Ta ni yóò tún ọkọ̀ oníná ṣe?

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mo ka lẹ́tà ẹni tó ní kí ìjọba má ná kọ́bọ̀ sórí ọkọ̀ oníná, pé iná tí a fi ń lọ aṣọ gan-an kò dúró. Iṣẹ́ ríwáyà ni mo ń ṣe n'Ìbàdàn, ó ti lé lógún ọdún, ọ̀rọ̀ náà sì kàn mí.

Lọ́dún tó kọjá, oníkẹ̀kẹ́ Márúwá kan wọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Kẹ̀kẹ́ oníná ni, kò tíì lo oṣù mẹ́jọ. Ó ní àwọn tó tà á fún òun ní àfi kí òun ra bátìrì tuntun, iye tí wọ́n sì pè é fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì owó kẹ̀kẹ́. Mo tú ìdérí bátìrì náà. Ẹyọ mẹ́rìndínlógún ló wà níbẹ̀, wọ́n so kọ́ra bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí. Mo fi mítà yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan: mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ń pe 3.2 volt, ẹyọ kan péré ló wà ní 1.8. Òun ló dá gbogbo wọn dúró. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi wá irú rẹ̀. Kò sí ní Ararọ̀mí ní Gẹ́ètì. Èkó ni wọ́n ti bá mi rí i. Kẹ̀kẹ́ ń rìn títí di òní, ṣùgbọ́n kó tó gbà á padà, ọkùnrin náà ti ba ọkọ̀ oníná lórúkọ jẹ́ káàkiri gáréèjì. Mi ò dá a lẹ́bi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láìpa owó, kí làwọn ọmọ ẹ̀ fẹ́ jẹ?

Ibi tí ẹ̀rù ti ń wá nìyẹn. Nígbà tí mọ́tò tí kò ní kábúrétọ̀ kọ́kọ́ dé, gbogbo èèyàn ló sá fún un. Ìgbà tí àwa ríwáyà ra ẹ̀rọ tí a fi ń yẹ̀ ẹ́ wò ni wọ́n tó dẹ̀ sí i.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2019, àwọn sẹ́nétọ̀ da àbá òfin Ben Murray-Bruce, sẹ́nétọ̀ ẹgbẹ́ wọn, nù, èyí tó fẹ́ kí a bọ́ lọ́wọ́ ọkọ̀ elépo tó bá di 2035. Ara ohun tí wọ́n rí wí ni pé epo là ń tà. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún, 2023, Ààrẹ Tinubu ní owó ìrànwọ́ lórí epo ti lọ, àwa tí à ń ta epo ò wá rí epo rà mọ́. Mi ò ní àbá náà dáa tán o; òfin kì í tún mọ́tò ṣe.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ọkọ̀ oníná tí kò tóbi ń jẹ nǹkan bíi yúnììtì 15 ní kìlómítà 100. Ká tilẹ̀ fi owó Band A (àwọn tí wọ́n ní iná wọn yóò máa tó wákàtí ogún lóòjọ́) ti oṣù kẹrin 2024 ṣe é, ₦225 ní yúnììtì, ₦3,375 ni. Bí ọkọ̀ elépo bá jẹ lítà mẹ́jọ ní ìrìn kan náà, tí lítà sì jẹ́ ₦900, ₦7,200 ni. Òótọ́ ni pé iná ò dúró. Ṣùgbọ́n ẹ lọ wo Kútọnu: ọlọ́kadà Spiro, iléeṣẹ́ ọ̀kadà oníná, kì í jókòó ti ṣáàjì, ńṣe ló ń pààrọ̀ bátìrì ní ibùdó wọn, bí a ti ń gbé kéréètì ìgò òfìfo lọ gba èyí tó kún.

Ní ti owó ìjọba, Amẹ́ríkà yá Tesla, iléeṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ oníná, ní dọ́là mílíọ̀nù 465 ní 2010, wọ́n san án tán ní 2013. Nínú ètò kan náà, Fisker, iléeṣẹ́ ọkọ̀ oníná mìíràn, wọko gbèsè, dọ́là mílíọ̀nù 139 sì bá a wọlẹ̀. Nítorí náà, bí owó bá wà, ẹ má kó gbogbo rẹ̀ fún iléeṣẹ́ tó ń gé ríbọ́nì. Kẹ̀kẹ́ tí mo tú yẹn kò ju nǹkan bíi 51 volt lọ. Mọ́tò gidi ń gbé tó 400. Ẹni tó bá ki sípánà bọ̀ ọ́ láìkọ́ṣẹ́ lè má sọ̀rọ̀ mọ́. Ọmọṣẹ́ mẹ́rin ni mo ní, mi ò jẹ́ kí ọ̀kan nínú wọn fọwọ́ kàn án. Ibi kan tí mo rí tí wọ́n ti ń kọ́ni, owó rẹ̀ ju owó ṣọ́ọ̀bù mi lọ́dún kan lọ. Bí ìjọba bá lè ṣí irú rẹ̀ sí ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ tó wà ní tòsí wa, èmi àti àwọn ọmọṣẹ́ mi la óò kọ́kọ́ débẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Ríwáyà kan, Ìbàdàn