Ibi tí kámẹ́rà dúró sí lórí Olúmọ

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ̀ǹda àyè díẹ̀ fún mi lórí ọ̀rọ̀ àwọn tó ń wá sí Olúmọ nítorí pé wọ́n rí i nínú eré orí tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n á sanwó ní géètì, wọ́n á gòkè, wọ́n á wo ọ̀tún wo òsì, wọ́n á ní ibí kọ́ làwọn rí. Ibẹ̀ náà ni o. Kámẹ́rà ni kò rí i bí ojú ṣe ń rí i, kò sì sẹ́ni tó là á yé wọn. Àwọn tó ń mú àlejò káàkiri mọ ìtàn Ṣódẹkẹ́ àti bí Ẹ̀gbá ṣe tẹ̀dó síbí ní 1830 dunjú. Wọ́n á fi ihò tí àwọn ìyá wa ń lọ nǹkan nínú rẹ̀ hàn yín, wọ́n á mú yín wọ abẹ́ àpáta tí àwọn èèyàn sá pamọ́ sí. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ti ya ìran báyìí nínú eré, wọ́n á kàn nawọ́ sókè ni.

Ẹni tó bá fẹ́ rí ojú ibẹ̀ gan-an, ilé ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Kó dá eré náà dúró níbi tí àwòrán ti dúró gbọin, tí ohun tó wà lẹ́yìn òṣèré sì mọ́lẹ̀ kedere, kó wá fi pamọ́ sórí fóònù rẹ̀. Kó mú ohun méjì nínú àwòrán yẹn, ọ̀kan nítòsí, ọ̀kan lókèèrè. Ti ìtòsí gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí kì í ṣípò: ibi tí àpáta ti sán, tàbí etí àtẹ̀gùn. Ti òkèèrè, ilé gogoro Ṣọ́ọ̀ṣì St. Peter ní Aké dára, ti mọ́ṣáláṣí ńlá ní Kobiti náà dára. Ẹ má fi òrùlé ṣe àmì. Páànù tó ti dógùn-ún tí gbogbo ayé fi mọ ìlú wa ń dín kù, onílé ń ká a kúrò, ó ń fi aláwọ̀ búlúù àti pupa rọ́pò rẹ̀, ilé tí ẹ rí nínú eré ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn lè ti yí àwọ̀ padà.

Tí ẹ bá dé òkè, ẹ gbé fóònù sójú. Ká ní nínú eré, ilé gogoro wà lápá ọ̀tún ibi tí àpáta ti sán, ṣùgbọ́n lójú tiyín apá òsì rẹ̀ ló wà. Ẹ rọra máa sún sí ọ̀tún. Bí ẹ ṣe ń sún, ti òkèèrè á máa bá yín lọ, ti ìtòsí á máa sẹ́yìn sósì, títí wọn á fi tò bó ṣe yẹ. Tó bá jẹ́ òdì kejì rẹ̀ ni, òsì ni kí ẹ sún sí. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ tó wá wo gíga. Bí òkúta tó wà níwájú bá bo ìlú mọ́lẹ̀ nínú eré ju bó ṣe bò ó lójú yín lọ, ẹ lóṣòó; orúnkún ni wọ́n gbé kámẹ́rà sí, kí àpáta lè ga.

Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú ni pé wọ́n á ti máa fi ìka fa àwòrán súnmọ́ kí wọ́n tó mọ ibi tí wọ́n máa dúró sí. Fífà yẹn kì í tún nǹkan tò, ó kàn ń gé etí àwòrán dànù ni. Ibi tí ẹsẹ̀ wà ló ń pinnu bí òkèèrè ṣe máa tóbi tó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtòsí. Lẹ́ńsì tí fóònù fi ń ṣí, èyí tó sábà máa ń jẹ́ nǹkan bíi mílímítà 24 sí 26, ń gba gbogbo nǹkan wọlé, ó sì ń ti ìlú jìnnà. Àwọn tó ń ya eré sábà máa ń lo lẹ́ńsì mílímítà 50 tàbí 85, tí kì í gba nǹkan púpọ̀ wọlé, wọ́n á wá sún sẹ́yìn, ìyẹn ló ń jẹ́ kí òrùlé ìlú dà bí èyí tó wà léjìká òṣèré. Ẹ̀yin náà, ẹ sún sẹ́yìn kí ẹ tó tẹ 2x tàbí 3x. Ẹ wẹ̀yìn kẹ́ ẹ tó sún o, orí àpáta lẹ wà.

Òjìji ń sọ àkókò tí wọ́n yà á. Nǹkan bí ìwọ̀n 7 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé ni Abẹ́òkúta wà, nítorí náà oòrùn ọ̀sán kì í wà lójú kan jálẹ̀ ọdún. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, àtàrí gan-an ló máa ń wà. Láàárín méjèèjì, apá àríwá ló ń gbà, òjìji ọ̀sán á bọ́ sí gúúsù. Tó bá di oṣù kejìlá, gúúsù ni oòrùn wà, òjìji á kọjú sí àríwá, tèèyàn á sì ju ìdajì gíga rẹ̀ lọ díẹ̀. Ẹ ṣí kọ́ńpáàsì fóònù yín, ẹ fi wo ibi tí òjìji ọ̀sán inú eré kọjú sí, ẹ ó mọ̀ bóyá ìgbà òjò ni wọ́n yà á tàbí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Òjìji tó bá nà sí ìwọ̀-oòrùn, àárọ̀ ni, bí àwọn òṣèré tilẹ̀ ń kíra wọn kú alẹ́.

Lásìkò ọyẹ́, eruku á bo òkèèrè, ẹ lè má rí ilé gogoro kankan. Ẹ̀yìn òjò ni ojú ọ̀run máa ń mọ́ jù, ìgbà yẹn náà ni àpáta ń yọ̀ jù, pàápàá ibi tó dúdú tó ń dán bí ìgbà tí wọ́n da epo sí i. Bàtà onírọ́bà tó ní eyín ni kí ẹ wọ̀. Lífítì wà, ṣùgbọ́n iná ló ń gbé e. Ẹni tí orúnkún ń dùn kó kọ́kọ́ béèrè nísàlẹ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́ kó tó sanwó.

Tí ẹ bá ṣe gbogbo èyí tí kò sì bọ́ sí i, drone, kámẹ́rà tó ń fò lókè, ni wọ́n fi yà á nìyẹn, tàbí kí wọ́n ti so ibi méjì pọ̀: òṣèré wọ abẹ́ àpáta ní Olúmọ, inú yàrá tí wọ́n kọ́ síbòmíràn ló bọ́ sí. Ẹ má tìtorí fọ́tò kọjá irin ìdáàbòbò. Tí ìran náà bá sì jẹ́ ti ojúbọ, ẹ kúnlẹ̀ kí àwọn ìyá tó wà níbẹ̀, kí ẹ tọrọ ààyè kí ẹ tó yọ fóònù. Bí wọ́n bá ní rárá, rárá ni.

Ó kan ọ̀rọ̀ ọjọ́ tí àwọn oníṣẹ́ eré bá wà lórí òkè. Àlejò máa ń bínú pé wọ́n dá àwọn dúró, kò sì yẹ kí wọ́n bínú ju bó ṣe yẹ lọ. Ìran kan kì í sábà ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ, wọ́n kàn ń tún un ṣe ni. Tí ẹlẹ́wù pupa kan bá rìn kọjá lẹ́yìn òṣèré nígbà àkọ́kọ́, tí kò sì sí níbẹ̀ nígbà kẹta, wọn ò ní lè so méjèèjì pọ̀. Nígbà míì ẹ ó rí gbogbo wọn tí wọ́n dákẹ́ láì ṣe nǹkan kan fún bí ìṣẹ́jú kan: ohùn ibẹ̀ lásán ni wọ́n ń gbà sílẹ̀, kí wọ́n lè fi dí àlàfo láàárín ọ̀rọ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni kò yẹ kí fóònù yín dún.

Àwọn tó ń bójú tó irú ibi báyìí ni mo fẹ́ bẹ̀. Ìkìlọ̀ pé wọ́n ń ya eré lónìí, ẹnu ibi tí wọ́n ti ń gbowó ló yẹ kó wà, pẹ̀lú aago tí wọ́n máa parí, kì í ṣe ìdajì òkè lẹ́yìn téèyàn ti làágùn. Kí wọ́n ti apá kan, kí wọ́n ṣí ìyókù. Kí àwọn tó ń mú àlejò káàkiri sì ní àwòrán mẹ́ta tàbí mẹ́rin látinú eré tí wọ́n fi ọ̀rá bò lọ́wọ́, kí wọ́n gbé pátákó kékeré tó ń tọ́ka ibi tí kámẹ́rà dúró sí síbi tí ewu ti kéré jù, láì kun ọ̀dà sára àpáta. Ìlú tí wọ́n ti tẹ ìwé ìròyìn Yorùbá jáde ní 1859, pátákó kan kò lè ṣòro fún un láti kọ.

Ẹ̀yin oníṣẹ́ eré náà, ẹ bo wáyà tó gba orí àtẹ̀gùn pẹ̀lú rọ́bà pẹlẹbẹ, ẹ jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ògiri, àgbàlagbà ń gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ sílẹ̀ nísàlẹ̀, kẹ́ ẹ fa wáyà gígùn. Ẹ̀jẹ̀ irọ́ tẹ́ ẹ fi ṣúgà àti àwọ̀ ṣe, ẹ tẹ́ ọ̀rá sábẹ́ rẹ̀ kó tó kán, torí tó bá ti gbẹ wọnú àpáta, omi kì í tètè fọ̀ ọ́ kúrò, ìjàlọ á sì gbabẹ̀.

Ẹni tó ń bá àwọn oníṣẹ́ eré wá lókéṣàn, ìyẹn ibi tí wọ́n á ti ya eré,
Abẹ́òkúta.