Àwọn Ọmọ Tí Ọkọ̀ Ẹ̀kìsíkọ́ṣọ̀n Ń Fi Sílẹ̀

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Sáà kẹta ti wọlé dé, àwọn ilé ìwé wa láti Ìlọrin títí dé Òmù-Àrán sì ti ń kọ ìwé sí àwọn òbí pé kí wọ́n san owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ, kí àwọn ọmọ lè lọ wo ère Èsìẹ́ tàbí omi Ọ̀wú tó ń já wálẹ̀ láti orí àpáta. Inú mi máa ń dùn sí ẹ̀kọ́ ìta gbangba bẹ́ẹ̀, nítorí pé ohun tí ọmọ bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ìdí rẹ̀, kì í tètè gbàgbé. Ọ̀rọ̀ àwọn tí ọkọ̀ ń fi sílẹ̀ ni mo bá wá.

Èmi náà ti fi ọmọ sílẹ̀ rí. Ó ku ọdún díẹ̀ kí n fẹ̀yìn tì nígbà tí mo kó kíláàsì mi lọ sí Ọ̀wú, tí mo sì sọ fún ọmọbìnrin kan tí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ti ba ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ jẹ́ pé kí ó dúró, nítorí pé ọ̀nà náà yóò ni ín lára. Àánú ni mo pe ohun tí mo ṣe. Nígbà tí a padà dé ní ìrọ̀lẹ́, ó ti fi ṣọ́ọ̀kì ya omi tó ń já bọ́ sára bọ́ọ̀dù, ó sì bi mí pé, “Ẹ̀yin tíṣà, ṣé bó ṣe rí nìyí?” Kò rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n n kò lè sọ fún un.

Òfin tó ka yíya àwọn akanda ẹ̀dá sọ́tọ̀ léèwọ̀, èyí tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019, sọ pé wọ́n ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ láìsí ìyàsọ́tọ̀ kankan. Ó tún fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń wọ̀ ní ọdún márùn-ún láti la ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara lè gbà; ọdún márùn-ún ọ̀hún ti pé láti 2024. Bí ẹ̀kìsíkọ́ṣọ̀n bá jẹ́ ẹ̀kọ́, òfin náà kàn án.

Ẹ jẹ́ ká wo Èsìẹ́. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà níbẹ̀, tí wọ́n ṣí ní 1945, ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, àwọn ère òkúta inú rẹ̀ sì lé ní 1000: ọkùnrin, obìnrin, èyí tó jókòó, èyí tó di irun aláràbarà, èyí tó mú ohun ìjà lọ́wọ́. Ọmọ tó ríran yóò wò wọ́n títí. Kí ni ọmọ afọ́jú yóò wò? Ère náà ti gbó, orí ti ya kúrò lọ́rùn òmíràn, kò sì yẹ kí ọmọdé máa fọwọ́ pa á. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá amọ̀kòkò ń bẹ ní Dàda, ní Òkèlele ní Ìlọrin. Bí ilé ìwé bá gbé àwòrán ère mẹ́ta péré lọ bá wọn, wọn yóò mọ ọ́n, wọn yóò sun ún, ọmọ afọ́jú yóò sì ti fi ìka tọ ilà ojú àti ìdìrun ère náà kí ọkọ̀ tó gbéra. (Mo mọ ọmọdé: àwọn tó ríran náà yóò fẹ́ já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀.)

Kì í ṣe àbùkù ara nìkan ló ń ti ọmọ sẹ́yìn. Yorùbá, Núpé, Bàrùbá àti Fúlàní ló jọ ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà ní Kwara. Mo kọ́ ọmọ Fúlàní kan rí tí kì í la ẹnu ní kíláàsì, nítorí pé bó bá ti sọ̀rọ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á máa sín in jẹ. Lọ́jọ́ tí a wọ igbó ẹ̀yìn ilé ìwé láti wo ewéko, òun ló bọ́ síwájú: ó fi koríko tí màlúù kì í jẹ hàn wá, ó júwe ibi tí omi máa ń wà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó sì sọ orúkọ igi òrí ní èdè tirẹ̀. Àwọn tó ń sín in jẹ wá ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn bí ẹni tọ ọdẹ. Ọdún kan gbáko ni mo ti fi kọ́ ọmọ náà, n kò sì bi í léèrè ohun tó mọ̀ rí.

Ti owó kò nílò àlàyé púpọ̀. Ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ lè san ti ọmọ méjì tàbí mẹ́ta tí òbí wọn kò ní, láìpe orúkọ wọn ní gbangba. Ti àwọn ọmọbìnrin tó ń ṣe nǹkan oṣù náà wà níbẹ̀: ibi tí kò bá sí ilé ìyàgbẹ́ tó ní ìlẹ̀kùn, ọ̀pọ̀ wọn yóò ní ara àwọn kò dá lọ́jọ́ náà, olùkọ́ ọkùnrin kò sì ní mọ ìdí rẹ̀.

Ohun tí mo ń bẹ̀ àwọn ọ̀gá ilé ìwé ni pé kí wọ́n fi ìlà kan kún ìwé tí wọ́n ń kọ sí òbí, kí wọ́n béèrè ohun tí ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò nílò kó tó lè bá àwọn yòókù lọ. Kí ìwé náà sì dé ọwọ́ òbí kí wọ́n tó yan ibi tí wọn yóò lọ. Bí ó bá ti di ọjọ́ tí ọkọ̀ ń dúró lẹ́nu géètì, “Dúró sílé” nìkan ni ìdáhùn tó máa ń kù lẹ́nu olùkọ́.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì,
Òmù-Àrán, Ìpínlẹ̀ Kwara.