Ẹ Jẹ́ Kí Apẹja Rí Àbájáde Àyẹ̀wò Òkun

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mo ka ohun tí ẹ kọ nípa owó tí ìjọba àpapọ̀ ń retí láti inú òkun, mo sì dúpẹ́ pé ẹ fún ọ̀rọ̀ náà láyè. Ṣùgbọ́n láti òkè délẹ̀, owó ni gbogbo rẹ̀ dá lé: èbúté, ọkọ̀ ojú omi, ẹja tí a ó máa tà sókè òkun. Kò síbi tí ẹnikẹ́ni ti béèrè bí ara òkun ọ̀hún ṣe le sí. Ìyẹn ló mú mi kọ̀wé.

Ọmọ Ìlàjẹ ni mí, bàọ́lọ́jì ni mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ girama níbí ní Kubwa. Àbújá jìnnà sí òkun, síbẹ̀ ọ̀dọ̀ wa níbí ni fáìlì òkun ń gbé. Ibí ni olú-iléeṣẹ́ NOSDRA wà, àjọ tí òfin dá sílẹ̀ ní 2006 pé kó máa tọpinpin epo rọ̀bì tó bá dà sílẹ̀. NUPRC tó ń ṣàkóso wíwa epo wà ní Jabi, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí àyíká wà ní Mabushi, èyí tí wọ́n sì dá sílẹ̀ ní 2023 fún ọrọ̀ ajé inú òkun náà kò jìnnà sí wọn. Àwa tí a ń ra edé ní Wuse àti Nyanya náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí inú òkun yẹn ni wọ́n ti ń kó púpọ̀ nínú edé wa.

Ohun kan ni mo ń béèrè: àyẹ̀wò yòówù tí wọ́n bá ṣe lórí òkun wa, ì báà jẹ́ iléeṣẹ́ epo ló ṣe é, ì báà jẹ́ ìjọba, kí àbájáde rẹ̀ máa jáde sí gbangba níbi tí apẹja ti lè rí i.

Ẹ rántí Bonga, ibi tí Shell ti ń wa epo láàárín òkun wa. Ní 20 December 2011, níbi tí wọ́n ti ń fa epo láti inú ọkọ̀ ńlá tí wọ́n ń kó o jọ sí lọ sínú ọkọ̀ agbépo, páìpù jò. Shell ní epo tó dà kò tó 40,000 àgbá. Ojú ibẹ̀ fi nǹkan bí 120 kìlómítà jìnnà sí etíkun, omi rẹ̀ sì jìn tó 1,000 mítà. Nígbà tí epo dé èbúté àwọn apẹja, iléeṣẹ́ náà ní kì í ṣe tàwọn, pé ọkọ̀ ẹlòmíràn ló dà á. Àwọn ará etíkun ní irọ́ ni. Ta ni yóò là á? Epo kànga kọ̀ọ̀kan ní àmì tirẹ̀ tí láàbù fi ń dá a mọ̀, àfi kí wọ́n ti tètè bu díẹ̀ pamọ́ níbi tó ti jò àti níbi tó gúnlẹ̀ sí, kó má sì jẹ́ ọwọ́ ẹni tí ẹjọ́ kàn nìkan ni èyí tí wọ́n bù wà. Ẹjọ́ náà dé Lọ́ńdọ̀nù. Ní May 2023, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ìlú Ọba ní ìṣẹ̀lẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni dídà epo náà, pé bí epo ṣe ṣì wà lórí ilẹ̀ àwọn èèyàn kò sọ ọ́ di ìpalára tó ń bá a lọ. Ẹni tó bá pẹ́ kó tó pẹjọ́, tirẹ̀ ti bọ́. Ó dùn mí wọra nígbà tí mo kà á. Báwo ni apẹja yóò ṣe tètè pẹjọ́ nígbà tí kò sí ìwé kankan lọ́wọ́ rẹ̀?

Èyí tó léfòó lójú omi sì nìyẹn o, èyí tí gbogbo ayé rí. Ojoojúmọ́ ni omi ń bá epo jáde látinú kànga, bí kànga bá sì ṣe ń dàgbà ni omi náà ń pọ̀ sí i. Wọ́n á yọ epo kúrò nínú rẹ̀ dé ìwọ̀n tí òfin gbà, wọ́n á sì dà á padà sókun. Òkúta wẹ́wẹ́ àti ẹrẹ̀ oníkẹ́míkà tó ti ibi gbígbẹ́ kànga wá náà ń balẹ̀ sí ìsàlẹ̀ òkun. Ìsàlẹ̀ yẹn kì í ṣe ibi òfìfo. Aràn wà nínú ẹrẹ̀ rẹ̀, ìgbín òkun wà níbẹ̀, akàn kéékèèké náà wà; àwọn ni ẹja ń jẹ. Àwọn onímọ̀ máa ń bu ẹrẹ̀ náà, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á ka oríṣiríṣi ẹ̀dá tó wà nínú rẹ̀. Bí epo bá ti wọ ẹrẹ̀, ìwọ̀nba oríṣi tó lè fara dà á yóò máa pọ̀, àwọn yòókù yóò máa pòórá. Èyí lè ti hàn nínú ẹrẹ̀ tipẹ́tipẹ́ kí àwọ̀n ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lófìfo. Ẹyin ọ̀pọ̀ ẹja sì rèé, nítòsí ojú omi ló ń fò léfòó, níbi tí epo ń tẹ́ sí gan-an. Ẹja tó kú sínú ẹyin lónìí, ó lè pẹ́ kí apẹja tó mọ̀ pé òun pàdánù rẹ̀.

Ìdí nìyí tí àyẹ̀wò fi gbọ́dọ̀ ṣáájú iṣẹ́. Òfin wa ti 1992 lórí àyẹ̀wò àyíká béèrè bẹ́ẹ̀. Ní Norway, ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń bu ẹrẹ̀ yí ká àwọn ibi tí wọ́n ti ń wa epo lójú òkun. Àwọn iléeṣẹ́ epo ló ń sanwó rẹ̀, ṣùgbọ́n ìjọba ló ń sọ bí wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ ṣe é, àbájáde rẹ̀ kì í sì í ṣe ohun àṣírí. Níbí, ó ti di mímọ̀ pé inú ọkọ̀ iléeṣẹ́ tí epo rẹ̀ dà ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sábà máa ń wọ̀ débi ìṣẹ̀lẹ̀. Kò sẹ́ni tó ra ìrẹsì lọ́jà Àbújá tó máa gbà kí òǹtajà nìkan di mudu mú, kó má sì jẹ́ kí a yẹ ìdí rẹ̀ wò.

Kí wọ́n má ṣe sọ pé owó ni kò sí. Sátẹ́láìtì onírédà ń ríran lóru, ó sì ń ríran la kùrukùru kọjá. Epo máa ń mú kí ìgbì kéékèèké rọlẹ̀, ibi tó bá wà á sì dúdú nínú àwòrán. Láti 2014 ni Sentinel-1 ti àwọn ará Yúróòpù ti ń ya irú àwòrán bẹ́ẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni fún ẹnikẹ́ni. Àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ sátẹ́láìtì wa náà, Àbújá níbí ni wọ́n wà. Mo yin NOSDRA pé ó ní ojú-ewé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń to àwọn ibi tí epo dà sí. Kí ó fi ti omi, ẹrẹ̀ àti ẹja kún un. Kí wọ́n sì sọ ọ́ ní Yorùbá, ní Ìlàjẹ, ní Ìjọ́ àti ní Ìbíbíò, nítorí àwọn tó ń jẹ nínú omi yẹn ló ni ín.

Àwọn akọ̀ròyìn yín ń wọ àwọn ọ́fíìsì wọ̀nyí. Ẹ bá wa dé ibẹ̀. Ní 2020, kànga epo Ororo-1 gbaná lójú òkun wa ní ìtòsí Awóyè, ìlú kan ní etíkun Ìlàjẹ; ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà iná ọ̀hún ṣì ń jó. Ẹ bi wọ́n pé: kí ni wọ́n bá nínú ẹrẹ̀ abẹ́ rẹ̀, kí ni wọ́n bá nínú ẹja tí àwọn èèyàn ibẹ̀ ń pa jẹ, ọjọ́ wo sì ni wọn yóò gbé ìwé rẹ̀ fún àwọn ará Awóyè? Ẹ tẹ orúkọ ẹni tó bá dáhùn jáde, kí ẹ sì tẹ ti ẹni tó bá kọ̀ láti dáhùn.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ kan, ọmọ Ìlàjẹ,
Kubwa, Àbújá