Màmá mi kì í ṣe àbẹ́là

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Mo ka ìtàn tí ẹ gbé jáde nípa tíṣà pírámárì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìntì, ó dáa, mi ò ní kó má dáa, fọ́tò yẹn gan-an rẹwà. Àmọ́ màmá mi náà kà á. Ọdún 33 ni wọ́n fi ṣe tíṣà pírámárì, kíláàsì kìíní àti ìkejì ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, títí dòní wọn kì í ka nǹkan kan láìmú bírò pupa dání. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí ẹ ti ní tíṣà dà bí àbẹ́là tó ń jó ara ẹ̀ tán kí ẹlòmíì lè ríran, wọ́n fi bírò yí i ká, wọ́n kọ "Ta ló jó?" sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, wọ́n gbé ìwé ìròyìn náà lé mi lọ́wọ́, wọ́n bá padà sídìí súwẹ́tà tí wọ́n ń hun. Ohun tó jẹ́ kí n kọ lẹ́tà yìí nìyẹn.

Ẹ ní ìyá tí ẹ kọ ìtàn ẹ̀ yẹn "fẹ́ràn ọmọdé". Ẹni tí ò jókòó ti ogójì ọmọdé rí ni irú ọ̀rọ̀ yẹn máa ń yá lẹ́nu. Màmá mi ò fẹ́ràn gbogbo wọn, wọ́n sì máa ń sọ ọ́ fún wa nílé láìfi bò, lágbájá ti fẹ́ fi ariwo pa mí lónìí. Iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe, iṣẹ́ tó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ẹ wò ó, nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà mi ò mọ b yàtọ̀ sí d rárá. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló máa ń yí wọn sódì bẹ́ẹ̀ títí wọ́n á fi tó ọdún méje, kì í ṣe pé orí wọn ò pé. Látìgbà tí ọmọ ti wà ní kékeré ló ti mọ̀ pé kọ́ọ̀pù ni kọ́ọ̀pù ń jẹ́, ìbáà kọjú sọ́tùn-ún ìbáà kọjú sósì, ìgbà tó wá dédìí ìwé ni wọ́n ń sọ fún un pé tó bá yí nǹkan sódìkejì orúkọ ẹ̀ ti yàtọ̀. Màmá ò bá mi jà. Wọ́n ní kí n di ẹ̀ṣẹ́ ọwọ́ méjèèjì kí n fi wọ́n kanra, kí n wá na àtàǹpàkò sókè. "Ọwọ́ òsì ẹ, igi ẹ̀ ló ṣáájú, ikùn ẹ̀ tẹ̀ lé e, b nìyẹn. Ọ̀tún ẹ, ikùn ló ṣáájú, d." Ó parí. Ọmọ tèmi náà ti ń ṣe é báyìí, èmi kọ́ ni mo kọ́ ọ, màmá ló kọ́ ọ lórí fóònù.

Ká wá ṣírò díẹ̀. Kíláàsì ọmọ 40, ìwé mẹ́rin fún ọmọ kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, ìwé 160 nìyẹn. Tí tíṣà bá lo ìṣẹ́jú kan péré lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan (ìṣẹ́jú kan ò sì tó ka nǹkan tí ọmọ ọdún méje kọ, ẹ gbà mí gbọ́), wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 40 ti lọ, kò tíì kọ lẹ́sìn nóòtì ọ̀la, kò tíì jẹun. Bí màmá ṣe ń ṣe tiwọn ni pé wọ́n á to ìwé ní mẹ́wàá mẹ́wàá sórí tábìlì, tí wọ́n bá máàkì mẹ́wàá tán wọ́n á ju bírò sílẹ̀, wọ́n á hun ìlà kan lára súwẹ́tà, wọ́n á tún fa mẹ́wàá míì. Ìlà mẹ́rìndínlógún lálẹ́ ọjọ́ tí iṣẹ́ bá pé. Súwẹ́tà aláwọ̀ ewé tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ fún mi, ọdún mẹ́ta ló gbà, nígbà tó máa fi parí kò gba orí mi mọ́, àbúrò mi ló wọ̀ ọ́. Ibì kan wà lápá òsì ẹ̀ tí òwú ẹ̀ le pinpin bíi pé ẹlòmíì ló hun ún, dádì máa ń fọwọ́ tọ́ ọ pé, "Ìparí táàmù nìyí."

Dádì ló ń se oúnjẹ alẹ́ nílé wa. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ ìdérí ìgò nù, torí màmá fẹ́ fi kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì wọn ní ìṣirò. Ohùn màmá máa ń lọ pátápátá tó bá fi máa di ọjọ́ Ẹtì, ẹni tó ń fi ohùn bo ariwo ogójì ọmọ mọ́lẹ̀ lójoojúmọ́, ọ̀fun ẹ̀ ò lè má ṣàìsàn, wọ́n á wá máa pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì láti fi pè wá, àti èmi àti dádì la máa dáhùn. Ká má parọ́, mo jowú àwọn ọmọ yẹn o. Mo mọ ẹni tí eyín ẹ̀ ká lọ́sẹ̀ yẹn, mo mọ ẹni tó tọ̀ sára, mi ò rí wọn rí.

Ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá tí ẹ máa ń fi kí tíṣà kú iṣẹ́, láti 1994 ni wọ́n ti ń ṣe é, wọ́n sì mú ọjọ́ yẹn torí pé òun ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé àbá UNESCO (àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́) àti ILO (èyí tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́) lórí ipò tíṣà ní Paris lọ́dún 1966. Kò sí àbẹ́là nínú ìwé yẹn. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé tí wọ́n bá ń ṣírò wákàtí iṣẹ́ tíṣà kí wọ́n ka àkókò tó fi ń múra ẹ̀kọ́ sílẹ̀ àti èyí tó fi ń yẹ iṣẹ́ ọmọ wò mọ́ ọn, kí ọmọ inú kíláàsì má pọ̀ débi tí tíṣà ò ní ráyè ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n má sì fi ìgbéyàwó dí obìnrin lọ́wọ́ iṣẹ́ náà. Ẹ má fi tìyẹn ṣeré o, ní Ireland, láti 1934 títí di 1958, obìnrin tíṣà pírámárì tó bá lọ́kọ gbọ́dọ̀ fiṣẹ́ sílẹ̀ ni. Wọ́n rò pé èèyàn ò lè nílé kó tún ní kíláàsì.

Ìlà kan ṣoṣo lẹ fún ohun tí ìyá yẹn máa ń ṣe tọ́wọ́ ẹ̀ bá dilẹ̀, "ó fẹ́ràn ìwé kíkà". Ìwé wo? Ìgbà wo ló ń ráyè kà á? Ta ló ń tọ́jú ilé nígbà tó ń kà á? Tí ẹ bá tún fẹ́ kọ̀ròyìn nípa tíṣà, ẹ má lọ bá a láàárọ̀ nígbà tó ti wọ aṣọ fọ́tò, ẹ lọ bá a ní aago mẹ́jọ alẹ́, kẹ́ ẹ wo orí tábìlì ẹ̀.

Màmá ní kí n kí yín. Súwẹ́tà tó wà lọ́wọ́ wọn báyìí, oṣù méjì péré ni wọ́n fi parí ẹ̀yìn ẹ̀. Mo fọwọ́ pa á láti òkè délẹ̀, kò síbi tó le.

Èmi ni,
Ọmọ tíṣà