Ẹran tí ẹ gé ńkọ́, kí oògùn tuntun tó dé?

Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Mo ka ohun tí ẹ kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá nípa oògùn jẹjẹrẹ tí wọ́n ń so mọ́ èérún antibody. Ó dùn mọ́ mi pé ìwé ìròyìn Yorùbá dá sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, torí púpọ̀ nínú àwọn tí mo tọ́jú kí n tó fẹ̀yìn tì kì í ka ti òyìnbó. Ṣùgbọ́n àkọlé yín tó ní ìwòsàn ti dé ti sáré ju ọ̀rọ̀ lọ. Obìnrin kan ní Ọjà Ọba ti gbé ìwé náà bá mi, ó ní, "Mọ́mì, ibo ni wọ́n ti ń tà á?"

Mo ṣàlàyé fún un báyìí. Antibody ni ara wa fi ń dá àrùn mọ̀. Ó rí bí igi kàtápọ́ọ̀tù ọmọdé: apá méjì òkè ló ń di ohun tó ń wá mú, èèkù ìsàlẹ̀ ló ń pe àwọn sójà ara yòókù. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń so oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ mọ́ odidi rẹ̀. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí àkọ́kọ́ lọ́dún 2000, fún jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀. Trastuzumab emtansine, ti jẹjẹrẹ ọmú, dé lọ́dún 2013. Oògùn tí wọ́n so mọ́ ọn le débi pé wọn ò lè fún èèyàn ní òun nìkan. Okùn tó dè é kò gbọdọ̀ tú àfi tó bá dé inú jẹjẹrẹ. Ó sì máa ń tú lójú ọ̀nà nígbà mìíràn, ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Odidi antibody tóbi. Etí kókó jẹjẹrẹ ló sábà máa ń há sí, kì í fẹ́ dé àárín, ó sì lè máa rìn nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta. Ìdí tí wọ́n fi ń gé apá tó ń di nǹkan mú nìyẹn, tí wọ́n ń ju èèkù nù; apá tí wọ́n gé yẹn ni èérún. Apá kan kò ju bí ìdá mẹ́ta odidi lọ. Èérún antibody ti ràkúnmí tilẹ̀ wà, tó jẹ́ bí ìdá mẹ́wàá odidi; àwọn onímọ̀ Belgium ló ròyìn rẹ̀ lọ́dún 1993. (Ràkúnmí tí a kàn mọ̀ mọ́ ẹran!) Èérún ń wọ kókó jinlẹ̀, kíndìnrín sì ń tètè lé ìyókù jáde. Àmọ́ bó ṣe ń tètè jáde yẹn náà ni àléébù rẹ̀, torí oògùn tó dé ibi jẹjẹrẹ lè má tó. Odidi ni dókítà ń kọ fún aláìsàn lónìí. Ti èérún ṣì wà lọ́wọ́ àwọn tó ń dán an wò.

Ohun tó ká mi lára gan-an nìyí. Odidi o, èérún o, kò sí èyí tó lè ṣiṣẹ́ bí àmì tó ń wá kò bá sí lára jẹjẹrẹ náà. Àmì tí wọ́n ń pè ní HER2 ni trastuzumab ń wá, bẹ́ẹ̀ nínú 100 obìnrin tó ní jẹjẹrẹ ọmú, bíi 15 sí 20 ló ní in lọ́pọ̀. Èyí tí kò ní HER2, tí kò sì ní àmì họ́mọ̀nù kankan, wọ́pọ̀ láàárín àwọn obìnrin Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ju láàárín àwọn òyìnbó lọ. Sacituzumab govitecan tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí lọ́dún 2020 wà fún irú ìyẹn, àmì mìíràn ló ń wá. Báwo la ṣe fẹ́ mọ èyí tó bá ẹnì kọ̀ọ̀kan mu bí a ò bá yẹ ẹran tí a gé lára rẹ̀ wò?

Níbẹ̀ la ti ń kùnà. Mo ti rí kókó ọmú tí wọ́n gé, tí wọ́n sọ sínú omi lásán nínú ike, tí wọ́n sì gbé e lé ọkọ aláìsàn lọ́wọ́ pé kó máa gbé e lọ sí lábù. Kí owó àyẹ̀wò tó jọ, ẹran ti ń rùn. Lábù ò rí nǹkan kan sọ. Bẹ́ẹ̀ ìlànà wà: kí ẹran wọ fọ́málìn, omi oògùn tí kì í jẹ́ kó jẹrà, láàárín wákàtí kan tí wọ́n gé e, kó lò tó wákàtí 6 níbẹ̀, kó má ju 72 lọ, kí lábù tó fi ìda dì í ní búlọ́ọ̀kù. Búlọ́ọ̀kù yẹn lè wà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí oògùn èérún bá jáde lọ́la, a ó kàn mú un jáde ni, a ò ní tún gé aláìsàn. Fọ́málìn kì í ṣe ohun ọ̀wọ́n. Ike onídèérí náà kì í ṣe ohun ọ̀wọ́n.

Jẹjẹrẹ ọmú kò ṣàjèjì sí Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Betty Anyanwu-Akeredolu, ìyàwó gómìnà wa tẹ́lẹ̀, fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ní in, ó sì dá ẹgbẹ́ BRECAN sílẹ̀ láti la àwọn obìnrin lójú. Ó ṣe iṣẹ́ ńlá. Ṣùgbọ́n obìnrin tí ojú rẹ̀ là, tó tètè rí kókó, tó tètè dé tíátà iṣẹ́ abẹ, kí là ń fi ẹran tí a gé lára rẹ̀ ṣe?

Ẹ jọ̀ọ́, kí akọ̀ròyìn yín bá wa bi Kọmíṣánnà ètò ìlera léèrè: ní ọsibítù ìjọba, láti Ìkàrẹ́ dé Ìgbọ́kọ̀dá, ta ló ń gbé ẹran kúrò ní tíátà, inú kí ló ń gbé e sí, ọjọ́ mélòó ló sì fi ń dé lábù? Bó bá jẹ́ ẹbí aláìsàn ni wọ́n ń gbé e lé lọ́wọ́, kí wọ́n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì,
Àkúrẹ́.