Tí operating system kan ò bá pọ̀ lọ́wọ́ àwọn èèyàn, kò ní kó ti kú

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Tí ọ̀rọ̀ operating system (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà) orí server (kọ̀ǹpútà tó ń dá àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn lóhùn) bá ti délẹ̀, Linux ni gbogbo ẹnu ń pè, òótọ́ sì ni o, láti oṣù kọkànlá 2017 ni gbogbo 500 kọ̀ǹpútà tó lágbára jù láyé ti ń lo Linux, Solaris, operating system ilé-iṣẹ́ Sun, tó ń pàṣẹ nígbà kan ti rọlẹ̀, àní kí ilé-iṣẹ́ Oracle tó ra Sun ní 2010 ló ti ń rọlẹ̀. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Ohun tó ń dùn mí ni pé tí wọ́n bá ti rí i pé nǹkan ò gbajúmọ̀, wọ́n á ní kí èèyàn má yà síbẹ̀ mọ́.

Ẹ wo OpenBSD, operating system mìíràn. Àwọn tó ń fi ṣe server ò tó nǹkan, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe OpenBSD ló gbé OpenSSH jáde ní 1999, ìyẹn ètò tí wọ́n fi ń wọlé sí kọ̀ǹpútà láti ọ̀nà jíjìn láìséwu, òun náà sì ni àwọn tó ń bójú tó Linux server fi ń wọlé sí i láràárọ̀, ó ti dé inú Windows pàápàá. Síbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2014 wọ́n ń tọrọ $20,000 kí wọ́n lè san owó iná. Owó iná o! Ọdún yẹn náà ni Heartbleed, àléébù ààbò kan, jáde nínú OpenSSL, ètò mìíràn tó ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ tó ń lọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí gbogbo ayé gbọ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń fi gbogbo àkókò ẹ̀ ṣe é.

Ẹ tún wo xz, ètò kan tó ń fún fáìlì pọ̀ nínú Linux, ní 2024. Ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀ ti rẹ̀, ẹrù náà wọ̀ ọ́ lọ́rùn, lẹnì kan tó pe ara ẹ̀ ní Jia Tan bá sún mọ́ ọn, ó ń bá a ṣiṣẹ́ fún ohun tó lé lọ́dún méjì títí wọ́n fi fọkàn tán an, ló bá lu ihò síbẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀ láti gba inú OpenSSH wọlé. Ká ní Andres Freund, ẹni tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ò ṣàkíyèsí pé OpenSSH ń falẹ̀ díẹ̀ ni, bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá péré, ọ̀rọ̀ ì bá ti bà jẹ́ kọjá àtúnṣe.

Èyí tó gbajúmọ̀ náà ò sì ní ìdánilójú kankan, ṣebí CentOS, irú Linux kan, wà lórí server àìmọye, àmọ́ ní oṣù kejìlá 2020 ilé-iṣẹ́ Red Hat tó ń bójú tó o ní CentOS 8 máa parí ní òpin 2021, làwọn èèyàn bá sá lọ sí Rocky Linux àti AlmaLinux tó jọ ọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá tún fẹ́ gbé ìròyìn nípa èyí tó ń léwájú, ẹ bá wa bi àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń lo OpenSSH lọ́fẹ̀ẹ́: èló ni wọ́n fún àwọn tó ṣe é lọ́dún tó kọjá?

Èmi òǹkàwé yín, tó ń bójú tó server.